Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Búdà Há Sí Ẹnubodè Kotan

Ní Kotan, ìlú kan létí aṣálẹ̀ oníyanrìn, ẹni tí kò bá mọ Sandara, àlejò ni. Ogójì ọdún ló ti ń kan ọkọ̀ onígi gíga tí wọ́n ń gbé ère Búdà lé wọ ìlú lọ́dọọdún. Ère náà pàápàá, àlejò ni tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò Kaṣimiri ló gbé e kọjá òkè oníyìnyín láàárín ẹrù aṣọ àti tùràrí, nígbà tí ìdílé ọba mìíràn wà lórí oyè. Ìdílé yẹn ti lọ, èyí tó lé wọn náà ti lọ. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ère kò kúrò níbi tó wà.

Sandara kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó lè bá pákó jà, ó lè bá Budai ìyàwó rẹ̀ jà nítorí pé búrẹ́dì gbẹ, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lábùkù. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìdílé tuntun ti fi ogun gbàjọba nígbà òtútù, Sudata, ọmọ Sandara kan ṣoṣo, sì kú sínú ogun náà. Láti ìgbà yẹn, Sandara kò pe ọba tuntun lọ́ba. "Ọkùnrin yẹn" ló ń pè é.

Àṣà ìlú ni pé bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ ẹnubodè, ọba á ṣí adé, á bọ́ bàtà, á fi ẹsẹ̀ lásán jáde wá pàdé ère.

"Tí kò bá ṣe é ńkọ́?" Budai bi ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Kó má ṣe é. Kí ayé lè mọ irú ẹni tó jẹ́."

"Tó bá wá ṣe é ńkọ́?"

Sandara lóṣòó sídìí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń fi òróró pa.

Ọba ṣe é. Ó jáde láìdé adé, láìwọ bàtà, òdòdó kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ariwo sọ! Àyà Sandara náà sọ, inú sì bí i pé ó sọ. Àwọn tó ń fa okùn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọkọ̀ ń yí bọ̀, ó dé ẹnubodè, ó sì dún gbàgà. Agboòrùn wúrà tó wà lókè pátápátá ti kọ́ mọ́ àtẹ́rígbà ẹnubodè.

"Búdà kọ ọba yìí," ẹnìkan sọ láàárín èrò. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn ọmọ ogun di idà mú, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣa òkúta.

Sandara ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ogun tó dé ló ti wọn ẹnubodè, kò sì tún un wọ̀n mọ́. Iyanrìn ti ga lójú ọ̀nà. Bó bá panu mọ́, wọn yóò bá a gbẹ̀san ọmọ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Budai wò ó lójú. "Baba Sudata, o mọ nǹkan kan."

"Dákẹ́."

"Àwọn tó ń ṣa òkúta yẹn, ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn."

Sandara gun orí ọkọ̀. "Ẹ fi Búdà sílẹ̀!" ló ké. "Èmi ni mi ò wọn ọ̀nà! Iyanrìn ló gbé ọkọ̀ ga, àgbà òmùgọ̀ sì ni mí!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. "A ti mọ̀yẹn tipẹ́, Sandara!" Ẹ̀rín gba ojú ọ̀nà, òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá, báwo ni iyanrìn náà ṣe jìn tó?" ọba bi í.

"Ìgbọ̀nwọ́ kan."

Ọba kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbẹ́ iyanrìn. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo èrò ti ń gbẹ́, àlùfáà Búdà, oníṣòwò, ọmọ ogun, wọ́n ń fi abọ́ àti fìlà kó o dànù. Sandara ń gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba.

"Ta ló máa ń kó iyanrìn yìí tẹ́lẹ̀?" ọba bi í.

"Àwọn aṣọ́bodè. Ọmọ mi wà lára wọn."

Ọwọ́ ọba dúró. Ó gbójú sókè wo Sandara. "Fi ibi tó máa ń dúró hàn mí."

Sandara fi hàn án. Ọba sún lọ síbẹ̀, ó ń gbẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ mì, ó yí, ó wọlé, òdòdó ń rọ̀ láti òkè ẹnubodè. Sandara ń sunkún, ó sì ń pariwo pẹ̀lú wọn, kò sì lè sọ èwo ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.