Ìròyìn Ewúrẹ́ Tí Mo Kọ fún Mọ́tò

Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí, mo ń dúró de iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlá, ìyá mi sì ti ń wò mí bí ẹni ń wo iṣu tó kọ̀ tí kò jinná. Kí n má baà máa jókòó lásán, mo gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó dá ìwé ìròyìn olójú ewé mẹ́rin sílẹ̀.

Àwọn tó ń ra ìwé náà kò pọ̀. Ẹni tó bá rà á á kà á tán, á gbé e fún aládùúgbò, aládùúgbò á gbé e fún àna rẹ̀, ẹ̀dà kan ṣoṣo á sì dé Òkè-Ìlá kí wọ́n tó fi di ẹ̀pà. Ọ̀gá mi ní bí àwọn ènìyàn kò bá wá bá ìròyìn, ìròyìn á lọ bá wọn. Ó gbé gbohùngbohùn méjì lé orí mọ́tò rẹ̀ àtijọ́. Ó gba àgbà Mùsùlùmí kan, tó ti fi bọ́ọ̀sì ná Ọ̀tan Ayégbajú fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti máa wà á. Èmi á jókòó ti bàbá yìí, màá máa ka ohun tí mo kọ sínú ìwé.

Mọ́tò náà ní àbùkù kan: kò gbọdọ̀ dúró. Bó bá dúró, ó di ká tì í. Èmi náà ní tèmi: mo fẹ́ràn gbólóhùn gígùn. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ẹni tí gbólóhùn rẹ̀ bá kúrú, a máa ń rò pé èrò ló tán lórí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kan, àhesọ bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé àwọn kan ń bọ̀ wá kó ewúrẹ́ ará ìlú. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn dókítà ẹran ń bọ̀ wá gún wọn lábẹ́rẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá ní kí n pa àhesọ náà. Mo fi ìdajì ọjọ́ kọ ọ́ báyìí:

“Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń gbé kiri pé àwọn dókítà ẹran ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, pé wọn yóò kó gbogbo ewúrẹ́ tí wọ́n bá bá nílé, àti pé ẹni tó bá fi tirẹ̀ pa mọ́ yóò rí ìjà wọn, irọ́ tó jìnnà sí òótọ́ ni, nítorí abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bọ̀ wá gún wọn.”

Ọ̀gá kà á, ó mi orí tìdùnnú-tìdùnnú. “Gbólóhùn yìí ní eegun.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a gbé e jáde. Mo ń kà á, mọ́tò ń lọ. Mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sáré wọlé. Mo rò pé ìròyìn ló dùn mọ́ wọn. Àfi ìgbà tí a ń padà bọ̀ ni mo rí ohun tí wọ́n sáré lọ ṣe. Obìnrin kan pọn ọmọ ewúrẹ́ sẹ́yìn, ó fi ọ̀já dì í. Ọ̀kadà kan gbé ewúrẹ́ mẹ́ta sá gba ọ̀nà Ọ̀rà. Télọ̀ kan ń fi aṣọ oníbàárà bo òbúkọ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ewúrẹ́ ìyá mi méjèèjì wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

“Ìyá, kí ni wọ́n ń ṣe níbí?”

“O ò gbọ́ ni? Wọ́n ti kéde pé wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn.”

“Ta ló kéde, mà?”

“Obìnrin kan nínú mọ́tò. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ jọ tìẹ.”

Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún bàbá awakọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ fìlà.

“Tíṣà, àwọn tó wà níwájú òpópó gbọ́ pé wọ́n á kó ewúrẹ́. Kí o tó dé ibi irọ́, a ti yà. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ pé irọ́ ni abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí mò ń pe èrò, ṣé mo máa ń sọ ìtàn ni? ‘Ọ̀tan! Ó ku ẹnì kan!’ Ibi yòówù tó o bá ti gbọ́ ọ, ó pé.”

Mo fa gbogbo rẹ̀ ya. Mo kọ òmíràn, mo sì fi ẹnu Ìgbómìnà tí a ń sọ nílé kà á nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà dípò Yorùbá rédíò: ewúrẹ́ yín, tiyín ni, abẹ́rẹ́ nìkan ni, ọ̀fẹ́ ni, Ọjọ́bọ̀ ni. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó bojú jẹ́.

“Ṣé ìròyìn nìyí, àbí ìpolówó ọjà?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, èyí tó gùn ṣì wà nínú ìwé.”

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ kan láti abà fa tirẹ̀ wá, ó dúró lókèèrè, ó kígbe sí dókítà:

“Ṣé obìnrin inú mọ́tò ti àná la máa gbọ́ ni, àbí ti ìjẹta? Ti ìjẹta burú o!”

Mo dúró sẹ́yìn igi. Ìyá mi ló dé kẹ́yìn, ó ń wọ́ méjèèjì bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiro fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ìyá mi sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí wa pé òun ti mọ̀ pé nǹkan ọ̀fẹ́ kì í dáa.