Sàráà Ìyá Mi ní Ilé Ìwòsàn

Bí ìyá mi bá ti sín pẹ́nrẹ́n, ó di ilé ìwòsàn ìjọba tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin nìyẹn. Lónìí orúnkún, lọ́la ẹ̀yìn, bó bá dọ̀tunla, á ní nǹkan kan ń rìn lórí òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá oníkókó, ló máa ń bá a wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tòun kì í ṣàwàdà o. Bí kò bá lo oògùn, ó lè ṣubú nígbàkugbà.

Ọ̀gá wa wò títí, ó ní ọ̀fẹ́ ló ń kó wọn wá. Ó ní kí wọ́n máa san owó káàdì, kí ẹni tí kò ṣàìsàn lè jókòó sílé ẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ìyá mi á jẹ́ n sinmi.

Háà! Lọ́jọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó sanwó, ó tẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà gbọọrọ.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ṣé o ò mọ̀ pé sàráà ń lé àìsàn ni? Ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́n."

Mo ní owó káàdì ni, kì í ṣe sàráà. Ó ní kí n lọ bi àfáà. Kò pẹ́, gbogbo ìyá àgbà àdúgbò ń tò wá ṣe sàráà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá wa káwọ́ lérí.

Ìyá oníkókó nìkan la ò rí mọ́. Kókó ò tà, kò rówó káàdì, ojú sì ń tì í láti sọ. Mo ránṣẹ́ sí i títí, kò wá.

Ìyá mi ló wọ́ ọ wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó sanwó, ó ju káàdì ara rẹ̀ síwájú mi.

"Òun ni kó o yẹ̀ wò. Èèyàn kì í ṣe sàráà fún ara ẹ̀."

Mo de ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ìyá oníkókó lápá. Yéè! Ó ti ga kọjá ààlà. Mo sáré pe dókítà. Wọ́n fún un lóògùn, wọn ò sì jẹ́ kó lọ títí ẹ̀jẹ̀ náà fi wálẹ̀.

Nígbà tọ́kàn mi balẹ̀, mo yíjú sí ìyá mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Orúnkún yín?"

"Orúnkún wo? Ta ló ń ṣàìsàn? Látìgbà tó o ti kó kúrò nílé lọ sí Tanke, ìgbà wo lo wá kí mi nílé? Ibi tí mo ti lè rí ẹ ni mo ń wá."