Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí Tí N Kò Kà

Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń gbẹ̀bí nílé ìtọ́jú kékeré kan nítòsí Kofar Marke ní Sókótó kí ọmọbìnrin kan tó bi mí ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ mọ́.

Àgùnbánirọ̀ ni, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé, ọmọ Ìjẹ̀bú. Haúsá tó gbọ́ kò ju "sannu" àti "na gode" lọ, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kó máa tẹ̀ lé. Sókótó ni wọ́n bí mi sí ní tèmi. Bàbá mi ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní ọjà Babbar Kasuwa, kò sì padà mọ́. Yorùbá la ń sọ nílé, Haúsá níta. Mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún fún ọmọ Ìjẹ̀bú náà, òun náà ń bá mi gbé omi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ìyàwó kékeré kan bí ọmọkùnrin tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ó kéré gan-an, àmọ́ ó ké. Mo gé ìwọ́ rẹ̀, mo gbé e lọ síbi báfù tí mo ti po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí, mo sì nawọ́ mú ọṣẹ. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ kì í kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Ìyá mi tilẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ tí wọn ò bá wẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òórùn ara rẹ̀ á bá a dàgbà.

"Àǹtí," ọmọ Ìjẹ̀bú náà rọra sọ, "ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ ẹ́ báyìí ni?"

"Ìgbà wo ni kí n tó wẹ̀ ẹ́? Ìgbà tó bá wọ iléèwé?"

Mo wẹ ọmọ náà, mo nù ún, mo fi aṣọ mẹ́ta dì í, mo gbé e fún ìyá ìyá rẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí ìyá àgbà náà fi sáré wá bá wa pé ọmọ kò mu ọyàn, pé kò tilẹ̀ ké mọ́. Mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù nini. Mo ń pariwo pé kí wọ́n mú aṣọ òtútù wá, kí wọ́n gbé omi kaná, bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná kò sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn kò dúró gba àṣẹ. Ó tú gbogbo aṣọ tí mo fi dì í, ó tẹ́ ọmọ náà ní ìhòòhò lé àyà ìyá rẹ̀, ó fa ìbòrí ìyá náà bo àwọn méjèèjì, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ mímọ́ kan ṣe fìlà fún ọmọ.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún un pé kó má gbé e kúrò níbẹ̀ o. Kódà tó bá rẹ̀ ẹ́, kí ìyá rẹ̀ gbà á sáyà tirẹ̀."

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kí wọ́n tó kírun àílà, ọmọ náà ti ń fa ọyàn. Gbogbo wa ní "Alhamdulillahi." Ìyá àgbà ń gbàdúrà fún mi, èmi tí mo wẹ ọmọ rẹ̀ títí ó fi fẹ́ kú, mo sì ń ṣe "amin, amin."

Nígbà tí ibẹ̀ dá, mo fa ọmọ Ìjẹ̀bú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

"Níléèwé ni, mà. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ti rí i pé ooru ara ìyá ló dára jù fọ́mọ kékeré, pé kí ìwẹ̀ dúró di ọjọ́ kejì, ó kéré tán. Ó ti pẹ́, mà. Wọ́n ní wọ́n ti fi ìwé ìlànà rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri."

"Kò dé ọ̀dọ̀ wa níbí."

Mo sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà. Síbẹ̀, nígbà tí mo délé, mi ò lè jókòó. Mo gbálẹ̀ tó ti mọ́. Mo gbé ìkòkò kaná, mo gbàgbé iyọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo èèyàn, mo sì tú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ìwé sí. Lábẹ́ àwọn káàdì àtijọ́ ni mo ti rí i, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá, ẹnikẹ́ni kò tú u rí. Wọ́n so pépà tí wọ́n fi gbà á mọ́ ọn lára. Mo wo orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i.

Èmi ni.

Mo wá rántí. Ọjọ́ àjẹsára ni, èrò pọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá, ó ní kí n fọwọ́ sí pépà. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo fi tòsì kọ ọ́ ṣákálá, mo ju ìdì náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní màá kà á tó bá yá. Ọdún mẹ́rin ti kọjá lórí "tó bá yá" yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ọmọ. Mo ń kà wọ́n nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo ń kà wọ́n lórí ẹní ìkírun. Àwọn tó kéré tí ara wọn tutù, tí a sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Èwo ni omi mi pa? Èwo ni ì bá kú bó ti wù kó rí? Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi, ìwé náà kò sì lè sọ ọ́.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa. Haúsá ni, àgbà obìnrin tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Haba!" ni ó kọ́kọ́ sọ. "Mo ti ń wẹ ọmọ kí ìyá ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn tó lọ́kọ. Òun ló wá fẹ́ kọ́ mi?"

"Hajiya, kì í ṣe òun. Ìwé ti wà nílẹ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn, tí mi ò kà á."

Mo gbé e síwájú rẹ̀, mo fi orúkọ mi hàn án. Ó wò ó títí. Ó fi awò sójú, ó ṣí i, ó tún yọ awò náà. Mo rò pé yóò lé mi jáde.

"Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti kéré jù fún ojú mi," ló wí. "Ìwọ ni kó o kà á. Haúsá ni kó o fi kà á, kí gbogbo wọn gbọ́."

Bí ìwé kíkà ọjọ́rú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí àjẹsára bá ti parí, a ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dóńgóyárò, àwa márùn-ún, títí kan obìnrin tó ń gbálẹ̀, nítorí òun ni àwọn ìyá àgbà máa ń fọ̀rọ̀ lọ̀ jù. Ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń wá ìwádìí tuntun lórí fóònù, àwa méjèèjì á jọ tú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ palẹ̀, èmi á wá sọ ọ́ ní Haúsá. Wọ́n máa ń jiyàn gan-an. Hajiya náà gbé òfin kan kalẹ̀: kò sẹ́ni tí yóò yí iṣẹ́ padà nítorí ohun tó rí lórí Wọ́tísáàpù nìkan, àfi ká bá a nínú ìwé ìlànà tàbí ká bi dókítà. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ìyá àgbà kan fẹ́ fi agídí wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀, Hajiya fúnra rẹ̀ ló gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ń lọ. Èmi ni mi ò ní ìsinmi. Obìnrin kan wà tó ń ta àlùbọ́sà ní Kasuwar Kara. Lọ́wọ́ mi ló bí ọmọ kékeré kan sí ní ọdún tó tẹ̀ lé ọdún tí mo ju ìwé yẹn sí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó kú. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, mo ra àlùbọ́sà, mo padà. Mo tún lọ, mo tún rà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ mi wo ilé ìdáná, ó ní, "Ṣé ṣọ́ọ̀bù àlùbọ́sà lo fẹ́ ṣí ni?"

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin mo jókòó tì í, mo sọ fún un. Mo ní ohun tí mo ṣe fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwé ti wà nílẹ̀ tó ní ká má ṣe é. Mo ní mi ò mọ̀ bóyá ìwẹ̀ náà ló pa á. Mo ní kó dárí jì mí.

Kò wò mí. Ó ń to àlùbọ́sà lọ, ó to ọ̀wọ́ kan tán, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Oníbàárà kan dé, ó dá a lóhùn, ìyẹn rà, ó lọ.

"Mo máa ń rò pé nǹkan kan wà tí èmi ṣe," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ìyá ọkọ mi ní mo ru igi tó wúwo jù."

Mo nawọ́ mú àlùbọ́sà kan, mo bá a tò ó.

"Ọmọbìnrin mi yóò bímọ lóṣù tó ń bọ̀," ó ní. "Ṣé ẹ ó wà níbẹ̀?"

Mo wà níbẹ̀. Obìnrin ló bí, ó tóbi, ó sì ké dáadáa. A tẹ́ ẹ lé àyà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá funfun tó bá a wáyé àti ẹ̀jẹ̀ lára. Ìyá àgbà alálùbọ́sà dúró ti ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé omi wọlé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ti parí ìsìnlú rẹ̀, ó ti lọ. Ó ṣì máa ń fi ìwé ránṣẹ́. Ní ọjọ́rú tó kọjá, èyí tó fi ránṣẹ́ tako ohun kan tí a kà lọ́dún tó kọjá, tí a ti ń ṣe láti ìgbà náà. Hajiya ní ká lọ bi dókítà. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò bá a. Lọ́la, màá tún lọ.