Òkúta Ẹnu Ọ̀nà Wiesława

Ní Lipowiska, ìlú tiwa, bí òbí àti ọmọ bá ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí fíìmù, ẹnì kan ṣoṣo ló lè parí ìjà náà. Òun ni Wiesława Dudzic, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Sinimá. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń tọ́jú sinimá kékeré tó wà ní gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ya tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fíìmù sẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀gá mẹ́rin wá, wọ́n lọ, wọ́n sì fi í síbẹ̀.

Ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Kí fíìmù kankan tó wọ sinimá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó wò ó. Yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, yóò kọ ọjọ́ orí tí ọmọ gbọ́dọ̀ tó kó tó wò ó, lẹ́yìn náà yóò kọ ìdí. Kò fa igi lé ọ̀rọ̀ kankan rí nínú ìwé yẹn. Bí wọ́n bá ti ní Màmá Sinimá ti kọ ọ́, ẹnu gbogbo ayé ti pa nìyẹn. Inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i, kí n má purọ́. Ó gbà pé bí òun kò tilẹ̀ mọ nǹkan mìíràn láyé, òun mọ ohun tó yẹ ọmọdé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ pé nígbà tí Klaudia Sroka, ọmọge tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ìwé, gbé fíìmù kan wá. Fíìmù àtijọ́ ni, aláwọ̀ dúdú àti funfun, lórí bí àwọn ará Jámánì ṣe kó àwọn Júù ìlú kékeré kan lọ pa. Gbogbo ayé ló ti ń yin fíìmù yìí kí wọ́n tó bí Klaudia. Ó fẹ́ káwọn ọmọ kíláàsì kẹfà wò ó, àwọn ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ-ọmọ Wiesława, Otylia, wà lára wọn. Zenon Mazgaj tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá ló ṣojú àwọn òbí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú sinimá òfìfo láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń wò.

Fíìmù náà le, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá kan fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin kó ìyá yẹn lọ. Zenon ń fi áńkáṣíìfù nu imú, ó ní òtútù ló mú òun. Wiesława fara balẹ̀, ó ti ní méjìlá lọ́kàn, àfi ìgbà tí fíìmù dé itẹ́ òkú àwọn Júù. Àwọn ará Jámánì ń wú òkúta orí sàréè kúrò láti fi ṣe ọ̀nà. Àgbẹ̀ kan, ọmọ onílùú, wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ó ń fi ìka gbá àwọn òkúta náà wò bí ẹni tó ń yan elégédé lọ́jà. Ó yan ọ̀kan tó tẹ́jú, ó gbé e lọ sílé, ó dà á dojú délẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde, ó ń fò lórí rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, fíìmù ti kọjá síbòmíràn.

Wiesława mọ irú òkúta yẹn. Òkúta bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà ló tẹ́ ẹ síbẹ̀ lẹ́yìn ogun, ó fẹ̀, ó tẹ́jú, òun ni wọ́n ń tẹ̀ wọlé. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé yẹn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún pé kò gbọ́dọ̀ walẹ̀ nídìí rẹ̀, nítorí paramọ́lẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí Wiesława wà lọ́mọ ọdún méje, yìnyín mú kí òkúta náà yẹ̀ ní ipò rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì gbé e sókè kó lè tún un tò. Wiesława rí i. Ó rí lẹ́tà tí wọn kò kọ́ ọ nílé ìwé, ó sì rí ọwọ́ méjì tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀, tí ìka wọn yà síra, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ sórí òkúta sàréè àwọn àlùfáà Júù.

"Bàbá, ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ ta ni kẹ̀? Àmì ẹni tó gbẹ́ ẹ ni. Kúrò níbẹ̀ kí paramọ́lẹ̀ má bù ọ́ jẹ. O ò rí nǹkan kan."

Láti ọjọ́ náà, Wiesława kò rí nǹkan kan. Ó tẹ òkúta náà wọlé ìgbéyàwó, ó tẹ̀ ẹ́ gbé òkú bàbá rẹ̀ jáde. Ó sọ ìtàn paramọ́lẹ̀ yẹn fún Bogna ọmọ rẹ̀, ó tún sọ ọ́ fún Otylia ọmọ Bogna, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Òun tí ìlú fi ṣe adájọ́ ohun tó yẹ kọ́mọ mọ̀!

Fíìmù parí, wọ́n jáde lọ mu tíì níta gbọ̀ngàn. Zenon ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi ò mọ̀ o. Ọmọbìnrin tèmi, bí adìẹ bá kú, kì í lè jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá Sinimá bá wí, abẹ́ ẹ̀ ni mo wà."

Klaudia rẹ́rìn-ín. "Màmá, méjìlá náà ni, àbí?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ̀! Màmá, ẹ̀yin lẹ fún fíìmù àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin yẹn ní méjìlá o, níbi tí orí èèyàn ti ń yí gbirigbiri nílẹ̀ bíi kábéèjì!"

"Eré nìyẹn. Èyí á dẹ́rù bà wọ́n."

"Ibo gan-an nínú ẹ̀ ló dẹ́rù bà yín? Ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo máa sọ fáwọn ọmọ."

Wiesława wo inú tíì rẹ̀. "Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn," ló wí.

Irọ́ ni. Ó ṣí ìwé, ó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kọ "ẹ̀rù" sí ibi ìdí. Zenon yára fọwọ́ sí i bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Klaudia wé mọ́fúlà rẹ̀ mọ́rùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Wiesława dé ilé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Otylia ti wà lágbàlá pẹ̀lú korobá omi àti búrọ́ọ̀ṣì. Àsìkò tí gbogbo ilé ń múra àtilọ fọ sàréè àwọn òkú wọn, kí wọ́n sì tan àbẹ́là sórí wọn ni. Ọmọ náà kò kí i.

"Màmá àgbà, Tíṣà Klaudia ní ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká wo fíìmù yẹn. Gbogbo kíláàsì ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìyá-ìyá mi rò pé a ṣì ń mu ọmú."

"Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò yẹ ọmọdé."

"Bíi kí ni?"

"Ohun tí wọ́n ṣe fáwọn Júù."

"A ti kà á níwèé. Kí ló tún kù?"

Ojú Wiesława ló tú u fó. Ó yà sí ẹnu ọ̀nà. Otylia tẹ̀ lé ojú náà débẹ̀, ó sì rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Òkúta ni, àbí? Ṣé irú ẹ̀ wà nínú fíìmù yẹn ni?"

"Òkúta wo? Mo ti sọ fún ẹ pé paramọ́lẹ̀—"

"Màmá àgbà, kò sí paramọ́lẹ̀. Èmi àti Màmá mi gbé e sókè lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tẹ́ ẹ lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Ọwọ́ méjì ló wà lára ẹ̀. A fọ̀ ọ́, a wá dà á padà bó ṣe wà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dà á padà? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀. "Màmá mi ló ní ká má sọ. Ó ní ẹ ti dàgbà, tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ̀rù á bà yín, ẹ ò ní lè sùn nínú ilé yìí mọ́. Ó ní kò yẹ ọjọ́ orí yín."

Otylia nawọ́ sí òkúta náà.

"Àbẹ́là tí mo máa ń tàn síbẹ̀ lọ́jọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin náà yìn mí. Ẹ ní ọmọ dáadáa ni mí, mo fẹ́ kí àlejò ríran wọlé."

Ojú tì í. Ojú tì í débi pé tí ilẹ̀ bá lanu, ì bá kó sínú rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiwọn ti ju àádọ́ta ọdún lọ, ọmọ ọdún méjìlá ló sì bá a, tó tún ń bò ó mọ́lẹ̀ kó má bàa dun àgbàlagbà. Kò lè fi ẹsẹ̀ kan òkúta náà mọ́. Ó yí ilé po, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ìdáná bí ẹni tó wá jalè.

Ní ọjọ́ kejì ó ránṣẹ́ pe Klaudia àti Zenon sí gbọ̀ngàn. Ó ṣí ìwé níwájú wọn, ó fa igi lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kọ méjìlá. Lẹ́yìn náà ó fa igi lé "ẹ̀rù".

"Háà, Màmá Sinimá!" ni Zenon wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀rù ti tán nínú fíìmù láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni?"

Wiesława kọ ìdí tuntun síbẹ̀. Nígbà tó parí, ó yí ìwé náà sí wọn kí wọ́n kà á: "Kì í ṣe ẹ̀rù, ìtìjú ni. Tèmi ni, kì í ṣe tàwọn ọmọ. Òkúta sàréè Júù kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, mo sì ti mọ̀ láti ọmọ ọdún méje."

Klaudia gbé ọwọ́ bo ẹnu. Zenon kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀. Ó mú bírò kó fọwọ́ sí i, ó sì dá ọwọ́ dúró, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Òkúta bẹ́ẹ̀ méjì ló wà nílẹ̀ ìsọ̀ táyà mi," ló wí. "Orí wọn ni mo ń gbé jáàkì lé. Màmá, ẹ bá mi kọ tèmi náà síbẹ̀."