Wọ́n Fi Tipátipá Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Kẹ́hìndé

Ìwọ́de tí mo ti ṣe láyé mi kì í ṣe kékeré. Mo wà lára àwọn tó ti géètì sẹkitéríàtì pa ní Alágbàká nígbà tí wọn ò san owó oṣù wa. Mo ti jókòó sórí títì nínú oòrùn rí, afẹ́fẹ́ tajútajú sì ti ta mí lójú débi pé ọmọ mi ló fà mí lọ́wọ́ délé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa kì í béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi. Èyí tí wọ́n máa ń béèrè ni ti báǹkì, èyí tí kò tíì pẹ́, ní àkókò òjò tó tẹ̀lé ìgbà tí àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí oníbàárà wá ya ojú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ sọ ti ọjọ́ ìbejì fún wa," wọ́n á sì ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu. Wọ́n rò pé eré ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tó ń bí mi nínú títí dòní.

Ọ̀rẹ́ mi ni Kẹ́hìndé. Ọmọ Oǹdó ni, ọkọ ló gbé e wá sí Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ níbí, ilé wọn sì dojú kọ tiwa. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìkejì rẹ̀, Táíwò, kò kúrò ní Oǹdó ní tiẹ̀. Tíṣà lòun náà. Ẹ ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ láé! Èmi tí mò ń rí Kẹ́hìndé lójoojúmọ́, mo ti bá Táíwò jà rí lọ́jà Ọba nígbà tó wá kí i, pé kí ló dé tó gba iwájú ilé mi kọjá láì kí mi. Ó jẹ́ kí n bínú tán, ó tó wá bú sẹ́rìn-ín. Báǹkì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, ọ̀kan ní ẹ̀ka Oǹdó, ọ̀kan ní ẹ̀ka Àkúrẹ́.

Táíwò ṣàìsàn, ó sì lọ. Mo ní ó lọ. Ẹ̀yin tí wọn ò bí ìbejì nílé yín, ẹ fetí sílẹ̀: a kì í sọ pé èjìrẹ́ kú. A máa ń sọ pé ó lọ ra iyọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ẹnu pe ikú èyí tó lọ, èyí tó kù lè gbọ́ kó tẹ̀ lé e. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Kẹ́hìndé, kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Àlùfáà bá a sọ ọ́ pé àṣà lásán ni, kó má bẹ̀rù. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Mo gba Jésù gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́." Níbi ìsìnkú gan-an, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa wá ya ojú, Kẹ́hìndé lọ. Ẹ̀rọ wò ó, ó ní ojú yìí ti wà nínú fọ́tò ìwé àkáǹtì orúkọ mìíràn ní Oǹdó. Ẹ̀rọ olówó iyebíye tí wọ́n rà lọ́wọ́ òyìnbó, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nílẹ̀ tiwa níbí, ojú kan lè jẹ́ ti èèyàn méjì. Bí wọ́n ṣe ti àkáǹtì rẹ̀ pa nìyẹn. Inú àkáǹtì náà ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọ̀. Òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ó kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká máa pè. Ohùn obìnrin kan ní bó bá fẹ́ Yorùbá, kó tẹ mẹ́ta. Ó tẹ mẹ́ta. Orin bẹ̀rẹ̀. Orin náà ń kọ títí owó orí fóònù rẹ̀ fi tán. Ó tún ra káàdì, orin náà tún ni. Mo wá fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù. Ẹni tó ń dáhùn níbẹ̀ ń jẹ́ Tólú. Kẹ́hìndé kọ ọ́ pé, "Tólú ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́?" Tólú ní, "Mi ò lóye ìbéèrè yín. Ẹ yan ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí." Kẹ́hìndé ní bóyá iṣẹ́ ló ti pọ̀ jù fún ọmọ náà. Ó gbàdúrà fún un, ó tẹ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé Ọlọ́run á fún un ní ìsinmi. Tólú ní, "Mi ò lóye ìbéèrè yín." Nígbà tí mo sọ fún un pé Tólú kì í ṣe èèyàn, pé ẹ̀rọ ni, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo tàn án.

"Ìyá Bùnmi, àdúrà tí mo gbà fún un wá ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí mo bá a lọ sí báǹkì. Ọmọbìnrin kan ló dá wa lóhùn, kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Mà, ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹnì kejì wá, ká rí ẹ̀yin méjèèjì pa pọ̀."

Kẹ́hìndé ní, "Táíwò lọ ra iyọ̀."

"Ó dáa, mà. Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"

Yéè! Mo bi í pé ṣé kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni. Ó ní ọmọ Yorùbá lòun, Èkó ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà. Kò fi ṣe àfojúdi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n kí n tó bá a sọ̀rọ̀ tán, ó ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí orúkọ Kẹ́hìndé nínú ẹ̀rọ wọn, ohun tó máa kà ni pé ẹnì kejì wà lọ́jà, kí wọ́n dúró kó dé.

Mo fi ẹnu sí ọmọ náà létí, mo ṣàlàyé. A padà mú ìwé ilé ìwòsàn Táíwò wá. Wọ́n ní ìwé náà dára, àmọ́ ẹni tó ni àkáǹtì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àwọn gbájú-ẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá a sọ ọ́. Wọ́n ní rárá. Kẹ́hìndé dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní owó náà ìbáà jẹrà síbẹ̀, òun ò ní sọ ọ́. Mo ní o ò ní sọ ọ́, wọ́n á sì ṣí i. Ìlérí tí mo ṣe fún un nìyẹn, ní ẹnu ọ̀nà báǹkì, bí ẹgbẹ́ wa ṣe gbé ìjà náà nìyẹn.

A pe ìpàdé àwọn tó fẹ̀yìn tì. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ tán ni ọ̀gbẹ́ni kan láti Ìjàrẹ, àgbẹ̀ tó ti ṣe kílákì rí, dìde pé ohun kan náà ló ṣe òun àti ìkejì òun. Obìnrin kan láti Bọ́lọ́rundúró ní ti àwọn ọmọ òun náà nìyẹn. Gbogbo ilé dàrú. Bàbá Ìjàrẹ yẹn ló ní, "Bí ẹ̀rọ ò bá mọ̀ wá, ẹ jẹ́ ká lọ jẹ́ kó mọ̀ wá." Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A ránṣẹ́ sí Oǹdó, a ránṣẹ́ sí gbogbo abúlé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi rí i. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìbejì kún iwájú báǹkì yẹn. Àwọn bàbá méjì tí fìlà wọn jọra, tí ìrìn wọn jọra. Àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé gíga tí wọ́n ń ya fọ́tò ara wọn. Ìyá kan pọn ọ̀kan, ó gbé ìkejì sí àyà. Gbogbo wọn tò ní méjìméjì, wọ́n ní kí báǹkì wá ya ojú àwọn. A kọ ọ́ sára páálí: ÈJÌ NI WÁ, A KÌ Í ṢE ẸYỌ KAN. A fi ṣe orin, a ń jó o. Sẹ́kúrítì sáré ti ilẹ̀kùn gíláàsì. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá dé.

Ọ̀gá wọn ní, "Ta ló kó gbogbo yín jọ síbí?"

Mo ní, "Ebi ló kó wa jọ. Ẹ lọ mú un."

"Màmá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dá àpárá o."

"Ọ̀gá, ẹ wò mí dáadáa. Ẹni tó ní ọjọ́ orí tèmi, tó dúró sínú oòrùn, ṣé àpárá ló wá dá?"

Ó wo àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá wọn, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni mánẹ́jà jáde. Ó kí Kẹ́hìndé, ó dọ̀bálẹ̀ fún un pàápàá. Ó ní, "Màmá, ó yé mi. Ìyá tó bí mi bí ìbejì. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti ń ṣí i, ọwọ́ mi ò tó o." Ó ní kí èmi àti Kẹ́hìndé wọlé, kí a bá ọ̀gá tó wà l'Ékòó sọ̀rọ̀.

A rò pé ojú ọ̀gá náà la máa rí. Ìyẹn gan-an ò ṣeé ṣe. Lójú kọ̀ǹpútà mánẹ́jà, lẹ́tà méjì tó dípò orúkọ rẹ̀ ni mo rí nínú òbíríkítí aláwọ̀ ewé, ohùn ọkùnrin kan sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Ó ní, "Ìyáàfin, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ẹnì kejì tó ni ojú yìí, ṣé ó wà láàyè, àbí ó ti kú?"

Kẹ́hìndé ní, "Ó lọ ra iyọ̀, sà."

"Ìyẹn ò sí nínú ohun tí mo lè yàn. Ó wà láàyè, tàbí ó ti kú."

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ṣé kò ní ìyá ni, ṣé kò ní ìran ni? Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀." Mánẹ́jà bẹ̀ ẹ́ pé òun á buwọ́ lù ú fún wọn, kí ó di ẹ̀bi òun bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. Ohùn náà ní kò sí àyè fún ìyẹn. Ó ní gbogbo àwọn tó wà níta yẹn, bí a bá parí ti obìnrin yìí, òun á ní kí wọ́n tún tiwọn wò. Bí a ò bá parí rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kẹ́hìndé wo ojú fèrèsé. Orin wa ṣì ń dún. Ìyá tó kó ọmọ méjì ti jókòó sílẹ̀, ó fi páálí bo orí àwọn ọmọ náà. Kẹ́hìndé ní, "Ìyá Bùnmi, oòrùn ń pa àwọn ọmọ yẹn." Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Kẹ́hìndé, má sọ ọ́." Ó ti yí ojú sí kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Táíwò ti kú." Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ohùn náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀. A ò gbọ́ yín dáadáa."

Ọlọ́run ló kó mi yọ lọ́jọ́ náà tí mi ò fi gbé kọ̀ǹpútà yẹn mọ́lẹ̀. Kẹ́hìndé dìde. Ó pariwo débi pé gbogbo ẹni tó wà níbi tí wọ́n ti ń gbowó yíjú: "Táíwò ti kú! Ìkejì mi ti kú! Ṣé ẹ gbọ́ báyìí?"

"Ẹ ṣeun, Ìyáàfin. A ti ṣí i. Ẹ ṣeun tí ẹ yan báǹkì wa."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. A jáde, àwọn èèyàn hó yèè, wọ́n gbé mi sókè. Àwòrán tí ẹ ń rí lórí ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ò ní rí Kẹ́hìndé nínú rẹ̀. Ó ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wa lọ sílé. Fóònù rẹ̀ dún bí mo ṣe jókòó tì í. Báǹkì ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, wọ́n ń béèrè bí ó ṣe gbádùn iṣẹ́ wọn sí lónìí, kó yan láti oókan dé aárùn-ún.

Kí la rí gbà? Wọ́n ṣí àkáǹtì àwọn ìbejì tó kù, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ìbéèrè burúkú yẹn mọ́. Wọ́n gbé àga kan sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi èèyàn ẹlẹ́ran ara sórí rẹ̀ pé kó máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbà. Ọdún ò yípo tí wọ́n fi gbé àga náà kúrò. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ló dúró síbẹ̀ báyìí, Tólú ló wà nínú rẹ̀. Ìtọrọ àforíjì? A kọ̀wé, a tún kọ̀wé. Títí di òní, kò sí ẹnu èèyàn kan tó sọ fún Kẹ́hìndé pé kó má bínú. Mo ṣèlérí fún un, mi ò rí ìlérí náà mú ṣẹ. Gbèsè báǹkì wà níbẹ̀, àwa ẹgbẹ́ náà sì jẹ ẹ́ ní tiwa.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, èmi àti Kẹ́hìndé jọ lọ sọ́jà Ọba. Kẹ́hìndé kì í ra ẹyọ kan. Láti kékeré, ohun tó bá rà fún ara rẹ̀ ló ń rà fún Táíwò, kò sì dá a dúró nígbà tí Táíwò lọ. Gèlè méjì, bàtà méjì, gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ó mú gèlè aláwọ̀ osàn kan. Ìyá tó ń tà á ti ń di ìkejì sínú ọ̀rá fún un láì béèrè.

Kẹ́hìndé dá a padà. Ó ní, "Ẹyọ kan ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Èjìrẹ́ mi, Táíwò ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ti kú," bí ẹni tó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ata, ó sì ń ka owó rẹ̀.