Jìbírílù àti Tẹlifíṣọ̀n Tí Kò Ní Irin Wúwo Nínú

Ní ọdún 1992, tí tẹlifíṣọ̀n ẹnìkan bá kú ní Ọ̀wọ̀, ọ̀dọ̀ Jìbírílù ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó ti lo ọdún méjìlá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àárín ìlú. Àwọn tẹlifíṣọ̀n tó mọ̀ dunjú ní tiransifọ́mà onírin tó wúwo bí ọlọ nínú. Òun ló ń sọ iná ìta di èyí tí ara ẹ̀rọ gbà. Bí wọ́n bá bàjẹ́, Jìbírílù a tú apá tó ń pèsè iná kúrò lára ìyókù, a fi mítà tó ń wọn iná wò ó lóun nìkan. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kò sì já a kulẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé kan, Monica, tíṣà kan ní Ute, gbé irú tuntun tí kò ní irin wúwo nínú dé, ó ti kú. Àwọn tíṣà mẹ́rin mìíràn ti ra irú rẹ̀, nítorí pé iná Ute máa ń rẹlẹ̀, irú èyí kì í sì í kọ iná tó rẹlẹ̀. Ó ní bí kò bá tan títí ọjọ́ Ẹtì, Àkúrẹ́ lòun ń gbé e lọ, ibẹ̀ náà ni tàwọn yòókù yóò sì máa gbà. Jìbírílù mọ̀ pé irú yìí ni gbogbo èèyàn ń rà báyìí. Ẹni tí kò bá lè tún un ṣe, rédíò nìkan ni yóò kù fún un.

Kò bẹ̀rù. Ó ti kàwé nípa rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí àmù kún lè fi korobá ńlá pọn omi ní ìwọ̀nba ìgbà, ó sì lè fi igbá kékeré bù ú lemọ́lemọ́. Tiransifọ́mà àtijọ́ ni korobá. Nínú tuntun, transísítọ̀ kan ló ń tan iná, tó ń pa á, bí ọ̀kẹ́ méjì ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà tiransifọ́mà tó wọ àtẹ́lẹwọ́ ti tó o.

Lọ́jọ́ Ajé náà, ó rí i pé transísítọ̀ náà ti jóná, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tú apá iná sọ́tọ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó fi mítà wò ó. Abẹ́rẹ́ fò sókè, ó wálẹ̀, ó tún fò. Ẹ̀rọ ń dún ti-ti-ti. Ó pààrọ̀ òmíràn. Ti-ti-ti. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, ó ti pààrọ̀ nǹkan mẹ́fà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ jẹun nílé. Iṣu ṣì wà lórí iná. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gbé ọmọ odó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i.

"Baba Sàlímọ́tù, kí lẹ ń gún? Ṣé ẹ fẹ́ la odó mi sí méjì ni? Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

Ọwọ́ Jìbírílù dúró. Apá iná tó tú sọ́tọ̀, kò sí ohun tó ń gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí òfìfo, apá tó ń ṣọ́ ọ nínú sì ń pa á kó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́, ó tún ń tàn, òun ló ń dún ti-ti-ti. Kò dúró jẹ iyán mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó so gílóòbù kan mọ́ ibi tí iná ti ń jáde. Gílóòbù tàn, abẹ́rẹ́ mítà dúró gbọnin. Ó so gbogbo rẹ̀ padà, àwòrán yọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Monica wo àwòrán náà pẹ́, ó béèrè ohun tó ṣe é.

"Tíṣà, ó ti dára láti ọjọ́ Ajé," ni Jìbírílù wí. "Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Mo ti wá mọ̀ ọ́n."

Monica rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, Àkúrẹ́ ò ní í sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láé. Ti Ọlámúyìwá, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà wa tó ra irú rẹ̀, náà ń dún ti-ti-ti. N ó ní kó gbé e wá."