Egungun Tòlótòló Tí Mo Fún Ajá Wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹlòmíràn ló ròyìn fún mi. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rántí bí ìyàwó mi ṣe máa ń se ọ̀dùnkún láìfi iyọ̀ sí i, tí yóò gé e wẹ́wẹ́, tí yóò sì fi kárọ́ọ̀tì àti ẹyin sísè díẹ̀ kún un. Ìpanu ajá ló pè é. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Ṣé ehoro lò ń sìn ni, àbí ajá?"

"Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre, baálé mi. Dókítà ẹranko ló ní kí n máa fún un bẹ́ẹ̀ nítorí oyún inú rẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan egungun díndín, ṣe ló máa ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó."

Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti Challenge dé Ring Road, kò sí mẹkáníìkì tó tó mi. Kí ọkọ̀ tó dúró, etí mi á ti sọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń ti Bodija wá, wọ́n á dúró jẹ́jẹ́ níwájú mi bí ọmọ ilé ìwé. Ta wá ni dókítà ẹranko tí yóò kọ́ mi bí ajá ṣe ń jẹun?

Bámijókòó ni ìyàwó mi sọ ajá náà. Ọdún kọkànlá tí mo fẹ́ ẹ sílé nìyẹn, Ọlọ́run kò tíì fi ọmọ ta wá lọ́rẹ. Dókítà yẹ ikùn ajá wò, ó ní ọmọ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ni ìyàwó mi bá wá páálí ńlá kan, ó tẹ́ ìró rẹ̀ àtijọ́ sínú rẹ̀, ó ń ka ọjọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń jẹ tòlótòló díndín, ajá ń wò mí. Mo ju egungun sí i. "Gbà, jẹ oúnjẹ ajá!" Inú mi dùn bó ṣe ń rún un.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní ilé kejì yọjú lórí ògiri. "Bọ̀dá mẹkáníìkì, ẹ gbé e lọ bá dókítà! Kò kúkú jìnnà!"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Mo gbé etí lé àyà rẹ̀ bí mo ṣe ń gbé e lé ẹ́ńjìnì. Nǹkan ló há, òróró ló sì ń tú ohun tó bá há. Mo ya ẹnu rẹ̀, mo rọ àbọ̀ ìgò epo pupa sí i lọ́fun, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó jẹ májèlé nílé wa. Epo gba ọ̀nà èémí lọ. Ó jà lọ́wọ́ mi, ó ń wò mí lójú, kò sì bù mí jẹ. Ì bá bù mí jẹ.

Ìyàwó mi wọlé, ó bá èmi àti òkú ajá nílẹ̀.

"Kí lẹ fún un?"

Mo ní mi ò mọ̀. Egungun wà nínú àwo lórí tábìlì.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tèmi ń gbọ́ o, èmi tí mo ni ín ni mi ò gbọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyàwó mi ní òun ń lọ kí àwọn èèyàn òun ní Ṣakí. Ó ti di ọdún méjì báyìí, kò tíì kí wọn tán.

Ajá kan. Ọmọ márùn-ún tí kò rí ayé. Ìyàwó kan.